Ẹ̀wà Kì Í Ṣe Oúnjẹ Ìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá yìí lè bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n bí àwa kò bá bá ara wa sọ ọ́, ta ni yóò bá wa sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ ẹran ni.

Kò sí ẹni tí kò mọ bí ó ti máa ń rí láàrin wa. Ẹnì kan kú, ọjọ́ fídáù kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹbí pé jọ. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń jáde ni pé màlúù mélòó ni a ó pa. Kì í ṣe gbèsè tí olóògbé jẹ sílẹ̀, kì í ṣe ẹni tí yóò máa san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. A mọ ilé kan ní àdúgbò wa tó jẹ́ pé ńṣe ni àwọn ọmọ lọ yá owó kí wọ́n tó lè ra màlúù ọjọ́ kẹjọ bàbá wọn. Ẹran náà tán kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, méjì nínú àwọn ọmọ-ọmọ bàbá náà jókòó sílé nítorí pé kò sí owó. Ẹ sì wá gbọ́ o: ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa bàbá yìí, àwọn dókítà ti kìlọ̀ ẹran ọlọ́ràá fún un títí ẹnu fi bó wọn. Ohun tí wọ́n ní kó má jẹ náà ni a fi ṣe é lálejò ìkẹyìn.

A bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà pé kí ló dé tí wọn kò se mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ fún àwọn èèyàn. Ó wò wá bí ẹni pé a bú u. Ó ní, "Ẹ̀wà kẹ̀? Kí ni ayé yóò wí?"

Ohun tí a fẹ́ bá jà nìyẹn. A ti sọ ẹran di òṣùwọ̀n ọlá, a sọ ẹ̀wà di àmì ìṣẹ́. Ọmọ tó gbé ẹ̀wà lọ sí ilé-ìwé a máa ti abọ́ bọ abẹ́ tábìlì. Àwọn àgbà tó ní "ṣe-bí-o-ti-mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n" kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó máa tijú ẹlẹ́wà fúnra rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. A kò sọ pé ẹran di èèwọ̀. Ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní hàláàlì, ta ni àwa tí a ó sọ ọ́ di hàráàmù? Àgbò Iléyá wà ní àyè rẹ̀, ìpín tálákà sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àlùkùránì tó yọ̀ǹda jíjẹ àti mímu fún wa náà ló kọ àṣejù fún wa. Ó tún wà nínú Muwatta ti Imam Malik pé Seyyidina Umar kìlọ̀ fún àwọn èèyàn nípa ẹran, pé ó lè di bárakú síni lára bí ọtí. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kọ́ nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa a máa ní oúnjẹ arúgbó ni ewédú àti gbẹ̀gìrì, pé sọ́séèjì àti bọ́gà ni oúnjẹ ọ̀làjú. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọ̀làjú rí. Oníṣẹ́ abẹ kan wà tí ń jẹ́ Denis Burkitt, ọmọ ilẹ̀ Ireland, tó ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní Uganda. Ó ṣàkíyèsí pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá àti àwọn àrùn ìfun mìíràn tó wọ́pọ̀ ní ìlú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ará oko ilẹ̀ Áfíríkà. Láti nǹkan bí 1970 ló ti ń kéde kiri pé fáíbà ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ìyẹn apá oúnjẹ oko tí ikùn kì í lè dà, tó ń gbá ìfun mọ́ bí ìgbálẹ̀. Ẹran kò ní fáíbà rárá. Ẹ̀wà kún fún un.

Àwọn tó tẹ̀lé e tún lọ jìnnà jù ú lọ. Ní 2015, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde tó yẹ kí gbogbo ọmọ wa gbọ́. Wọ́n mú aláwọ̀ dúdú 20 ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú 20 mìíràn ní ìgbèríko South Africa. Láàrin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹni 65 nínú 100,000 ni jẹjẹrẹ ìfun ńlá ń mú lọ́dún. Ní ìgbèríko South Africa, wọn kò tó 5. Wọ́n wá pààrọ̀ oúnjẹ fún wọn. Àwọn ti Amẹ́ríkà ń jẹ oúnjẹ oko, àwọn ti South Africa ń jẹ ẹran àti ọ̀rá bíi ti Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni! Ara ìfun àwọn ti Amẹ́ríkà tó ti ń wú tẹ́lẹ̀ rọlẹ̀, àmì ewu jẹjẹrẹ dín kù lára wọn. Lára àwọn ti South Africa, àmì náà ń pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Abọ́ oúnjẹ ló yàtọ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ kéde pé ẹran tí a fi iyọ̀, èéfín tàbí kẹ́míkà tọ́jú, irú sọ́séèjì yẹn gan-an, ń fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ẹran màlúù, ti àgùntàn àti ti ewúrẹ́, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó máa fà á. (A kò tíì sọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́ tí àwọn kan ń fi táyà jó o!)

Bí ẹnì kan bá ní ọ̀nà jìn, kó bá wa ká lọ sí Ìdíkàn, ní Ìbàdàn. Láti 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ti bẹ̀rẹ̀ sí tọ àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n ń fi wọ́n wé aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Àbájáde wọn ti 2001 ni pé àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń mú 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 3.24 lọ́hùn-ún. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìdíkàn kéré sí ti àwọn ará ọ̀hún, iṣu, ọkà, ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ sì ni oúnjẹ wọn. A kò ní purọ́: àwọn dókítà náà kò sọ pé oúnjẹ nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi ń sáré kúrò níbi tí àwọn bàbá wa wà, tí a ń sáré lọ síbi tí àrùn wà?

Ilẹ̀ náà ń jìyà ọ̀rọ̀ yìí. Màlúù tó bá jẹko yóò jẹ àpọ̀jẹ, yóò sì máa gùfẹ̀. Afẹ́fẹ́ mẹ́tẹ́ènì tó ń gùfẹ̀ rẹ̀ jáde wà lára ohun tó ń mú kí ayé gbóná. Ní 2018, àwọn onímọ̀ méjì ṣírò rẹ̀ pé ẹran, ẹja ọ̀sìn, ẹyin àti wàrà gba ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ oko gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ìdá 18 péré ni wọ́n ń mú wá nínú agbára tí oúnjẹ ń fún wa. Ẹ wá wo ẹ̀wà: àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé ara gbòǹgbò rẹ̀ ń fa ajílẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ wá sínú ilẹ̀. Ó ń bọ́ wa, ó tún ń bọ́ ilẹ̀. Nàìjíríà yìí ló sì ń gbin ẹ̀wà jù lọ ní gbogbo ayé!

Ẹnì kan yóò sọ pé ẹran tí ọmọ Nàìjíríà kan ń jẹ lọ́dún kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ará Amẹ́ríkà, kí a lọ wàásù fún wọn lọ́hùn-ún. Òtítọ́ ni, àwọn ló kọ́kọ́ yẹ kó gbọ́. Ṣùgbọ́n àmáánà ni ilẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo wa, àwọn náà sì ni àwọn ọmọ wa ń wò kọ́ṣe.

A kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtara pa ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà sílẹ̀ pátápátá gbọ́dọ̀ máa lo fítámì B12, nítorí oúnjẹ oko kò ní in. Aláboyún àti ọmọ kékeré nílò ìtọ́jú ju ìyókù wa lọ. Níbí gan-an ni àṣà wa ti dorí kodò: ọmọ tí ẹyin kan tàbí ẹran díẹ̀ lè ṣe láǹfààní, omi ọbẹ̀ là ń bù fún un, a ní kó má baà dolè, bàbá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ni a kó gbogbo ẹran jọ síwájú rẹ̀, a ní ọ̀wọ̀ ni.

Ní tiwa, a ti pinnu. Wòlímọ̀ ilé-kéwú tó ń bọ̀ ní àdúgbò wa, kò sí màlúù. Mọ́ínmọ́ín eléwé ni, àti ẹ̀kọ, àmàlà òun gbẹ̀gìrì, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a fi ìrù àti ẹ̀gúsí sè, àti wàrà tí a fi ẹ̀wà sóyà ṣe fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ṣì ń wá ohun tí yóò jẹ. Owó màlúù náà, ọmọ méjì tó jókòó sílé ni a ó fi dá padà sí ilé-ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ bú wa, kó kọ́kọ́ wá jẹun.