Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́: gìtá tó ń kùn bí ẹ̀fọn

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ló gbé gìtá bàbá wọn wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gìtá Höfner tí wọ́n ṣe ní Jámánì ni, irú èyí tí àyà rẹ̀ yọ bíi ti fáólììnì, tó ní ihò méjì tó rí bíi lẹ́tà f. Bàbá ti di olóògbé, ẹ̀gbọ́n sì fẹ́ fi gìtá náà kọrin níbi ìrántí ọdún kẹwàá wọn. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ta á, á máa kùn yunmuyunmu bí ẹ̀fọn. Káfíńtà kan ti ní ọrùn rẹ̀ ló bàjẹ́, pé òun máa gé e kúrò. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́."

Nǹkan tí wọ́n dè mọ́ ara irú gìtá yìí pọ̀. Èyíkéyìí tó bá dẹ̀ nínú wọn á máa gbọ̀n tí okùn bá dún. Etí la kọ́kọ́ ń lò, kì í ṣe ayùn. Ṣé gbogbo okùn ló ń kùn, àbí ẹyọ kan? Ṣé ibi gbogbo ni, àbí ojú kan péré?

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa ta okùn, kí ẹ̀yin máa fi ìka tẹ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan: ike pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, irin ìdí gìtá tó di okùn mú, àwọn kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yí okùn, àti òrùka kéékèèké tó ń gbé bíríìjì sókè sódò. Èyí tí ẹ bá tẹ̀ tí ariwo dá, òun ni ọ̀daràn. Ẹ rọra fún síkírù rẹ̀ kó le. Bí okùn tó wà láàárín bíríìjì àti irin ìdí bá ń kùn, ẹ fi àjákù aṣọ kékeré há a.

Ìkejì ni bíríìjì, igi kékeré tí okùn gùn lé. Kò sí gúlúù lábẹ́ rẹ̀, okùn nìkan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa sí àyà gìtá. Ẹ má tú gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan náà o! Bíríìjì á ṣubú, ẹ ò sì ní mọ ojú ibi tó wà mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa pààrọ̀ wọn.

Ìkẹta, bí okùn bá ń kùn nígbà tí ẹ ò tẹ̀ ẹ́, tó sì dákẹ́ bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, eegun kékeré tó wà lórí ọrùn ni kí ẹ wò. Ojú ibi tí okùn gbà lórí rẹ̀ ti lè jìn jù. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ti ń kùn, ọ̀kan nínú àwọn irin tó dábùú ọrùn ló ṣeé ṣe kó yọrí ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìkẹrin ni ọrùn fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ okùn kan mọ́ irin àkọ́kọ́, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá. Ó yẹ kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín, tó ìpọn káàdì ìdánimọ̀ oníwèé. Bí kò bá sí rárá, ọrùn ti nà jù. Ọyẹ́ máa ń gbẹ igi, ó sì lè fà á. Gìtá mìíràn ní irin gígùn nínú ọrùn tí wọ́n fi ń tún èyí ṣe, àmọ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá yí i jù, á kán.

Bí gbogbo èyí ò bá ṣiṣẹ́, ẹ fi ìka kan àyà gìtá jẹ́jẹ́. Bí ohùn kan bá ń gbọ̀n nínú, igi inú rẹ̀ lè ti ṣí. Iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nìyẹn.

Ti ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Síkírù ike pẹlẹbẹ yẹn ló dẹ̀. A fún un, a gé àjákù fìlà àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀, ariwo dá. A ò ná kọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ta orin kan, wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò, ohùn bàbá mi nìyí."

Ẹ má fi gìtá sínú búùtù ọkọ̀ lóòrùn o. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.