Ẹ Wo Ẹ̀yìn Dírẹ́bà Kí Ẹ Tó Ka Kẹ́ẹ̀gì Epo

Òwò epo pupa ni mo ń ṣe ní Òkìtìpupa. Mo ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń fún un ní Ìlútitun àti Igbótako, Èkó ni mo sì ń kó o lọ. Iwájú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ni mo máa ń jókòó. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, kẹ́ẹ̀gì la kọ́kọ́ máa ń kà. Èyí tó jò, èyí tí ìdérí rẹ̀ ṣí, a ó ṣírò gbogbo rẹ̀, a ó sì fa ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò san án. Dírẹ́bà ní tirẹ̀ yóò rọra sọ̀ kalẹ̀, yóò di ilẹ̀kùn mú, yóò dúró títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi gbà kó nà. Ta ló ń ka ìyẹn mọ́ àdánù?

Àga ọ̀kan nínú àwọn dírẹ́bà tí mo ti bá rìn nìyí: fóòmù ti jẹ tán, irin ti yọ síta, ó ká àpò gàrí lé e, ó fi àǹkárá àlòkù bò ó. Ọ̀já tí ìyàwó rẹ̀ fi ń pọnmọ ló fi gba ìbàdí. Ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ ti kú pátápátá. Tí a bá ń bọ̀ lófìfo láti Ọ̀rẹ̀, ọkọ̀ náà ń fò ju ìgbà tó rù lọ, torí kò sí ẹrù tí yóò tẹ sípíríìnì líle yẹn mọ́lẹ̀. Bọ̀ọ̀dá yẹn ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń dààmú òun. Gbogbo gáréèjì ni wọ́n ti ń ta àgbo jẹ̀dí fún un, nínú ọtí.

Mi ò bá àgbo jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ń dun ẹni tó ń fi gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n jẹun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣúgà tí wọ́n máa ń ní ó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Ìgbọ̀nrìrì tó ń lọ bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọ̀pá ẹ̀yìn ń gbà sára jù. Bó bá pẹ́, ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, á yọ síta, á tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìrora fi ń gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ dé itan.

Ní ọdún 2002, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó para pọ̀ ṣòfin lórí èyí. Bí ìgbọ̀nrìrì tó ń wọ ara òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ wákàtí 8 bá ti ju 0.5 m/s² lọ, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Kò sì gbọdọ̀ kọjá 1.15. Àwa náà ní Nàìjíríà ní òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ láti ọdún 2010, àjọ NSITF ló ń mójú tó o. Àìsàn tí iṣẹ́ fà wà nínú rẹ̀. Mélòó nínú àwọn olówó mọ́tò wa ló forúkọ dírẹ́bà wọn sílẹ̀ níbẹ̀?

Wọ́n á ní kò sówó. Owó táyà kan ṣoṣo ju ti fóòmù àga lọ! Mo ti rí tírọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ tó ní àga tó ń fi afẹ́fẹ́ gbé ara. Nígbà tó bàjẹ́, wẹ́dà ni wọ́n pè, ó jó o mọ́lẹ̀. Inú bí mi.

Ọ̀nà tí kò dára, ìjọba ló ni ín, a ò sì ní dákẹ́ lórí ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe dírẹ́bà kó wá bá yín gbé kẹ́ẹ̀gì ní kété tó bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yìn tó ti gbọ̀n láti àárọ̀ ò lágbára ẹrù lójú ẹsẹ̀; ẹ jẹ́ kó rìn díẹ̀, kó sinmi. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì Òkìtìpupa sì máa yẹ àga àti ṣọ́ọ̀kì wò kí ọkọ̀ tó gbẹrù. Èyí tí kò bá dáa, kí wọ́n dá a padà fún olówó rẹ̀.