Ẹ Wo Ẹsẹ̀ Kí Ẹ Tó Bú Rẹfirí

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Ṣùgbọ́n bí eré bọ́ọ̀lù bá ti bẹ̀rẹ̀, ṣe ni gbogbo wa ń di àgbà òṣìkà. Rẹfirí á fun fèrè. A ò tíì mọ ohun tó rí, a ò tíì mọ ohun tí òfin wí, a ti pè é ní olè. Ọmọ iléèwé á máa bú ẹni tó tó bàbá rẹ̀ í bí, òbí tó yẹ kó bá a wí á sì máa pàtẹ́wọ́ fún un.

Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò mọ òfin eré, tí kò sì wo ibi tí rẹfirí dúró sí, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá rẹfirí lẹ́jọ́. Àṣà kí á máa fi ariwo yí ìdájọ́ padà gbọ́dọ̀ dópin ní pápá àwọn iléèwé wa ní Àgọ́-Àmọ́dù àti ní gbogbo Òkè-Ògùn.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la mọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni ìdájọ́ ti le jù. Pápá rẹ̀ kò ju mítà 28 ní gígùn àti mítà 15 ní ìbú lọ, èèyàn 10 ló sì ń sáré nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ní bọ́ọ̀lù á sáré lọ sídìí apẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á dúró dè é, àyà á gbá àyà, àwọn méjèèjì á ṣubú. Ta ló jẹ̀bi? Òfin ní kí á wo ẹni tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣọ́nà bá ti kọjú sí i, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kanlẹ̀, kí ẹni tó ní bọ́ọ̀lù tó fò sókè, ẹni tó wá kọ lù ú ló jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹnìkejì ti wà lókè ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sún sójú ọ̀nà rẹ̀, òun ló jẹ̀bi. Ohun tó wà láàrin méjèèjì kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Rẹfirí gbọ́dọ̀ wo ẹsẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan, kó sì fun fèrè lójú ẹsẹ̀. Àwa tí a jókòó lábẹ́ igi lókèèrè ńkọ́? Bọ́ọ̀lù là ń wò. A kì í wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Bí ìdílé méjì bá ń jà lórí ààlà oko iṣu, àwọn àgbà kì í wo ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù. Wọ́n á rìn dé oko, wọ́n á wá pèrègún tí àwọn baba gbìn sí ààlà. Kí ló dé tí a fi gbàgbé ọgbọ́n yìí bí a bá dé orí pápá?

Ìdí rẹ̀ ni pé kì í ṣe àṣìṣe ló ń bí wa nínú. Àṣìṣe tó pa wá lára ló ń bí wa nínú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1993, yunifásítì Michigan àti ti North Carolina pàdé níbi àṣekágbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, Chris Webber ti Michigan gba bọ́ọ̀lù, ó gbẹ́sẹ̀ láìta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Òfin kò gbà á, ṣùgbọ́n rẹfirí kò fun fèrè. Kò pẹ́ sí i, nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 11, Webber tọrọ ìsinmi nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lo gbogbo ìsinmi tí òfin fún wọn tán. Lọ́tẹ̀ yìí rẹfirí fun fèrè, Michigan sì pàdánù pẹ̀lú ààmì 77 sí 71. Ṣé a rí olólùfẹ́ Michigan tó dìde pé kí wọ́n fìyà jẹ Webber nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́? Ẹni bá fẹ́ kí rẹfirí ṣe òdodo, kó kọ́kọ́ ṣe òdodo nípa àṣìṣe tó gbè é.

Àwọn kan á ní bí àgbà tàbí ẹni ńlá bá dá sí i, ọ̀rọ̀ á tètè yanjú. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Munich lọ́dún 1972, níbi àṣekágbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti Òlíńpíìkì láàrin Amẹ́ríkà àti Soviet. Amẹ́ríkà fi ààmì 50 sí 49 ṣáájú, ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ nídìí tábìlì àwọn olùṣọ́ àkókò, ni William Jones, akọ̀wé àgbà àjọ FIBA, bá sọ̀ kalẹ̀ láti ibi ìjókòó rẹ̀, ó ní kí wọ́n dá aago padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn. Lẹ́ẹ̀kẹta, Soviet jù ú wọlé, wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà pẹ̀lú 51 sí 50. Rẹfirí Renato Righetto, ọmọ Brazil, kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé èsì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kọ àmì-ẹ̀yẹ fàdákà wọn. Ẹni ńlá dá sí i, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán nílẹ̀ di òní.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Rẹfirí kan wà tó ń gba rìbá." Òótọ́ ni. Lọ́dún 2016, rẹfirí ọmọ Ghana kan, Joseph Lamptey, fún South Africa ní pẹnáríìtì nígbà tí wọ́n ń bá Senegal gbá, ó ní ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Orúnkún ló kàn án. FIFA lé e kúrò nídìí iṣẹ́ títí ayé, wọ́n sì tún ìdíje náà gbá lọ́dún 2017. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: òkò kọ́ ló mú un, ẹ̀rí ni. Nígbà tí pẹnáríìtì Victor Ikpeba kọjá ìlà ní Súrùlérè lọ́dún 2000, tí rẹfirí ní kò wọlé, tí Cameroon sì gba ife Áfíríkà lọ, gbogbo wa ké. Ẹkún wa kò dá ife padà. Ìgbà tí àwọn aṣòfin bọ́ọ̀lù fọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìlà góòlù lọ́dún 2012 ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oògùn.

A ò ní ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní iléèwé wa. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Èkíní, kí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá máa kọ́ wa ní òfin kí wọ́n tó kọ́ wa ní bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sì mú fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, nígbà ìdíje ilé sí ilé. Ẹni tó bá ti mú fèrè rí kò ní yá a lára láti bú ẹni tó mú un. Èkejì, kí ó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ nìkan ni yóò máa bá rẹfirí sọ̀rọ̀, kí iléèwé tó bá ní ẹ̀sùn kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́yìn eré. Ẹ̀kẹta, òbí tàbí olùkọ́ tó bá wọ pápá lọ bá rẹfirí jà, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó wá wòran mọ́ títí ọdún yẹn á fi parí.

Ẹ̀yin òbí wa, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tó bá kọ́ ọ lórí pápá pé ariwo ló ń dá ẹjọ́, kò ní fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ síbẹ̀. Yóò gbé e lọ sídìí àpótí ìbò, yóò gbé e lọ síbi ẹjọ́ ilẹ̀, ìlú á sì jẹ nínú rẹ̀. Bí a bá sì bú rẹfirí tòní títí tó fi fèrè sílẹ̀, ta ni yóò gbà láti mú un lọ́dún tó ń bọ̀?