Kí Ìyá Ọmọ Tó Kúrò Ní Ọsibítù

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀ tàbí ti gbígbá ọjà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń bímọ ni, pàápàá ọjọ́ tí ọsibítù bá ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Ọmọ bímọ láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú a ti ń wá mọ́tò. Bíìlì la máa ń jà lé lórí. Tí a bá ti san án, nọ́ọ̀sì á sọ gbólóhùn méjì fún ìyá ọmọ tí oorun ṣì ń kùn, ó parí. Ìyá àgbà tó máa wẹ ọmọ wà níta, ó ń di ẹrù. Kí ló fẹ́ mọ̀?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó bímọ wọ́ọ́rọ́wọ́ pàápàá lo wákàtí 24 ní ọsibítù, ó kéré tán. Wọ́n ní kí wọ́n tún yẹ ìyá àti ọmọ wò ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta, àti láàrin ọjọ́ 7 sí 14, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ọjọ́ kẹta yẹn là ń fò jù, torí ìsọ̀ ò ní alábòójútó, Iléṣà sì jìnnà.

Bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ibà pọ́njú ń yọjú. Ojú ọmọ lè mọ́ kedere lọ́jọ́ tí ẹ kúrò ní ọsibítù, kó wá pọ́n nílé ní ọjọ́ kejì, ìkẹta tàbí ìkẹrin. Tó bá pọ̀ jù, á wọ ọpọlọ. Ọmọ lè kú, tàbí kó yè kó má gbọ́ràn, kó má lè rìn. Oòrùn àárọ̀ tí a máa ń gbé ọmọ sí kò tó wò ó. Ọsibítù ló ní iná tí wọ́n ń tàn sí i lára.

Ká sòótọ́ fúnra wa, kàfúrà roboto tí à ń tà fún inú àpótí aṣọ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á. Òórùn rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́, ojú á sì pọ́n, kò sì sí ẹni tó lè wojú ọmọ mọ̀ ọ́n. Aṣọ òkè tí ìyá àgbà yọ nínú àpótí fún ìsọmọlórúkọ lè ṣe é. A ò ní kí ẹnikẹ́ni da ọjà rẹ̀ nù o, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń ra aṣọ ọmọ tuntun má kúrò níwájú ìsọ̀ wa láìgbọ́.

Ohun tí à ń béèrè kò le. Kí nọ́ọ̀sì pe ẹni tó máa wẹ ọmọ wọlé, kó bá a sọ ọ́ lédè wa. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá sórí ìwé, kí wọ́n sì kọ àwọn àmì ewu: ọmọ tí kò mu ọyàn, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó tutù, tó ń mí kíákíá, ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dà, tí orí ń fọ́ tí ojú sì ń ṣú. Kí wọ́n sọ iye owó nígbà tí oyún ṣì wà nínú. Ọmọ ọ̀kan nínú wa sùn lórí bẹ́ǹṣì ọjọ́ mẹ́rin pẹ̀lú ìkókó lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kó máa lọ, nítorí owó tí kò pé.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìwé ò bá àwọn ìyá ọlọ́jà mu. Ìmẹ̀sí-Ilé níbí ni Dókítà David Morley ti Wesley Guild, Iléṣà, ti ń fi káàdì ìwọ̀n ọmọ lé àwọn ìyá lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ. Ilé wọn ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀wé, káàdì náà sì ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láyé.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a fẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò lọ rí àwọn mátírọ́nì ìlú wa. Ẹni tí ọmọ tàbí ìyàwó ọmọ rẹ̀ bá bímọ lọ́dún yìí, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí fún wa kí wọ́n tó lọ. A ò ní dárúkọ yín.