Àlòkù Sílíńdà Gáàsì: Kí Ló Kù Nínú Rẹ̀?

Ní gbogbo ìgbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa bá ti ṣe ìdánwò àṣekágbá tán, ọjà kan máa ń ṣí nínú àwọn ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Àdìgbẹ. Kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní àtẹ. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń polówó rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì kan, fáànù kan, tábìlì ìkàwé kan, ìkòkò méjì, sílíńdà gáàsì 6kg pẹ̀lú ojú iná rẹ̀. Ẹni tó ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀ kò lè kó gbogbo rẹ̀ dání. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá kò sì lówó tí yóò fi ra tuntun. Báyìí ni ẹrù ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń kọ èyí, orí bẹ́ẹ̀dì àlòkù ni a ń sùn.

Ṣùgbọ́n ní ọdún tó kọjá, a ra sílíńdà kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n ń kó kúrò nílé. Ọ̀dà búlúù ara rẹ̀ ń dán. A gbé e lọ sọ́dọ̀ Màmá onígáàsì, inú wa ń dùn. Màmá dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ha ìdí rẹ̀, ọ̀dà sì ń ṣí pẹ̀lú èépá irin tó ti dípẹtà. Wọ́n wò wá, wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ló ta èyí fún yín? Mi ò ní rọ gáàsì sínú rẹ̀ o." Ó bí wa nínú lọ́jọ́ náà. A rò pé wọ́n fẹ́ ta tiwọn fún wa ni. Ìgbà tí a délé tí a ha ọ̀dà yòókù kúrò ni a rí bí ìpẹtà ṣe ti jẹ ìdí rẹ̀ wọnú, kótókótó bí ojú tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń jiyàn láàárín ara wa: ṣé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ra àlòkù sílíńdà ni, àbí tuntun nìkan? Ibi tí a fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí ni pé kì í ṣe lílò tí wọ́n ti lo nǹkan ló sọ ọ́ di ewu. Àìmọ ìtàn rẹ̀ ni ewu.

Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kọ́ wa lọ́gbọ́n. "Tòkunbọ̀" ń sọ ibi tí nǹkan ti wá fún wa: ó ti òkun bọ̀. Ṣùgbọ́n "àlòkù" ń sọ ipò tí nǹkan wà: wọ́n lò ó, ó kù. Ìbéèrè tó sì yẹ ká máa bi ẹni tó ń tà á ni pé, kí ló kù? Bí ohun tó kù nínú bẹ́ẹ̀dì bá tán, ẹ̀yìn ni yóò máa dun èèyàn. Bí ìkòkò bá lu, ọbẹ̀ yóò ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ohun tó kù nínú sílíńdà bá tán lálẹ́ ọjọ́ kan tí gbogbo ilé ti sùn, ti ẹni tó rà á nìkan kọ́ ni yóò jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó wà nínú rẹ̀. Gáàsì ìdáná jẹ́ propane àti butane tí wọ́n fún pọ̀ títí tó fi di olómi. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ sí, á sì máa kóra jọ síbẹ̀, pàápàá nínú yàrá kékeré tí a ti fèrèsé rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn. Òun fúnra rẹ̀ kò ní òórùn rárá. Òórùn tí à ń gbọ́ yẹn, ńṣe ni wọ́n fi kún un kí imú wa lè ta wá lólobó. Ìṣáná kan, tàbí ìpàǹpá iná ara ṣíwíìṣì, ti tó láti ran án.

Àwọn kan wà láyé tí wọ́n ti yanjú àríyànjiyàn tuntun àti àlòkù yìí tipẹ́: àwọn òmùwẹ̀ tó ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n lọ sísàlẹ̀ òkun. Láti ìgbà tí Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ti ṣe ẹ̀rọ ìmí tí wọ́n pè ní Aqua-Lung nílẹ̀ Faransé ní 1943, irinṣẹ́ iṣẹ́ náà ti di púpọ̀. Owó rẹ̀ kò kéré, nítorí náà wọ́n máa ń ra àlòkù lọ́wọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ojú kan náà wo gbogbo rẹ̀. Dígí ojú àti bàtà tó rí bí lẹbẹ ẹja, bó bá ti bá wọn mu, wọ́n á rà á. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mí, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kó tú u wò kí wọ́n tó gbé e wọ omi. Ti sílíńdà ló wá le jù. Ní Amẹ́ríkà, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi agbára omi dán an wò, kí wọ́n sì lu ọjọ́ àyẹ̀wò náà sára irin rẹ̀. Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fi afẹ́fẹ́ kún un, ì báà jẹ́ tuntun ni ẹni tó gbé e wá rà á nígbà náà. Ìbéèrè wọn kì í ṣe "ṣé tuntun ni?" Ìbéèrè wọn ni "ìgbà wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn?"

Lóòótọ́, agbára tí wọ́n fi há afẹ́fẹ́ mọ́ inú sílíńdà tiwọn, nǹkan bíi 200 bar, ju ti gáàsì wa lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú tiwọn. Tiwa ń jó.

A mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ: "Owó dà?" Òótọ́ ni. Àwa náà kò lówó. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ẹ bá máa ra àlòkù, ẹ má wo ọ̀dà. Ẹnikẹ́ni ló lè ra ọ̀dà ní Pánṣẹ́kẹ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n lù sára irin ọrùn rẹ̀: ọdún tí wọ́n ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, àti ọjọ́ àyẹ̀wò bó bá wà. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀dà bò ó tàbí tí wọ́n ti ha á dànù, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ wo ìdí, nítorí ibẹ̀ ni omi ń dúró sí. Bó bá ti tẹ̀ wọnú, tàbí tí wẹ́dà ti jó o, ẹ fi í sílẹ̀. Ní ti rọ́bà tó ń gbé gáàsì àti rẹ́gúlétọ̀, ẹ má ra àlòkù wọn láé. Rọ́bà máa ń gbó, ó sì máa ń sán láìsí ariwo. Tuntun wọn kò wọ́n tó owó oògùn ara jíjó. Bí ẹ bá so wọ́n tán, ẹ fi omi ọṣẹ pa oríkèé rẹ̀ gbogbo. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò.

Ẹ̀yin tí ẹ lówó tuntun náà, ẹ má sùn. Ayédèrú wà nínú tuntun. Ẹ wo àmì àjọ SON, ẹ sì wo ọdún tí wọ́n ṣe é, nítorí nǹkan lè pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kó tó di tuntun lọ́wọ́ yín.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ ọrùn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni gbogbo ẹrù yìí wà. Lọ́dọ̀ wa, oníbàárà ló ni sílíńdà, òun náà ló wá ni ẹrù àyẹ̀wò rẹ̀. Ta ni nínú wa ló ti gbé sílíńdà lọ fún àyẹ̀wò rí? Ní Gánà, ibùdó gáàsì kan bú gbàmù ní Atomic Junction nílùú Accra ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2017. Èèyàn méje kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Kì í ṣe sílíńdà inú ilé ló fa ìyẹn, ṣùgbọ́n oṣù náà ni ìjọba ibẹ̀ pinnu láti yí ètò gáàsì padà pátápátá: ilé iṣẹ́ ni kó ni sílíńdà, òun ni kó máa yẹ̀ ẹ́ wò, òun ni kó máa kún un, kí oníbàárà kàn máa fi òfìfo pààrọ̀ èyí tó kún. Ẹ wò ó dáadáa: lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, àlòkù ni gbogbo èèyàn ń lò, olówó àti tálákà. Ṣùgbọ́n àlòkù tó lólówó ni, tí ẹnì kan máa dáhùn fún. Irú rẹ̀ ni a fẹ́ nílé wa.

Kí ìyẹn tó dé, nǹkan kan wà tó wà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí a pe ẹ̀gbọ́n tó ta sílíńdà yẹn fún wa, wọn kò parọ́. Wọ́n ní ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tiwọn náà ni àwọn ti rà á, ìyẹn sì rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, olúkúlùkù ń kùn ún lọ́dà kó tó tà á. Ọ̀rẹ́ wa kan wá dá a lábàá pé kí àwa náà ra ọ̀dà, kí a tà á fún àwọn àbúrò tó ń bọ̀. A ronú sí i. Irọ́ ni yóò jẹ́ bí a bá sọ pé a kò ronú sí i. Owó oúnjẹ wa ló wà nínú rẹ̀. Níkẹyìn, a gba àdánù náà, yàrá mẹ́ta dáwó jọ, a ra ẹyọ tuntun kan tí a jọ ń lò.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ń lọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ti lọ tí ẹ ṣì ń kà wá, ẹ máa ta bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ máa ta fáànù yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa polówó sílíńdà, ẹ ya àwòrán ọrùn rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ sí i, kí àbúrò yín rí i kó tó sanwó. Bí ẹ kò bá lè ya á, ẹ ti mọ ìdáhùn ìbéèrè wa: kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀.