Efúnṣetán inú eré kọ́ ni Efúnṣetán Ìbàdàn

Ẹ̀yin Yorùbá tí ẹ wà ní Kánò, Jọ́ọ̀sì, Kàdúná àti gbogbo Òkè Ọya. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó yẹ kó dópin. Obìnrin tó bá lówó, tó le lórí ọjà rẹ̀, tí kì í ta àwìn kó gbàgbé, kíá ni wọ́n á ti pè é ní Efúnṣetán. Ọkọ á pè é, àna á pè é, àwọn ọmọ á gbọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Efúnṣetán wo gan-an? Ṣé èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ sínú ìwé eré tó jáde ní 1970 ni, àbí Ìyálóde tó gbé ayé n'Íbàdàn? Wọn kì í ṣe ẹnì kan náà o.

Nínú eré, Efúnṣetán ń pa ẹrú bí ẹni pa adìyẹ, Látòósà ṣẹ́gun rẹ̀ nítorí ìkà yẹn, ó sì gbé májèlé jẹ. Ó dùn-ún wò. Ìkà kú, ìlú rójú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé ìtàn Samuel Johnson, tó jáde ní 1921. Oṣù karùn-ún ọdún 1874 ni Ààrẹ Látòósà yọ ọ́ lóyè. Ẹ̀sùn wo ló kà sí i lẹ́sẹ̀? Pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, pé kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun dé. Ó parí. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú kankan nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun kan náà ló ti ń fún àwọn ológun ní ohun ìjà láwìn tẹ́lẹ̀.

Kò sì jẹ májèlé kankan. Ní òpin oṣù kẹfà ọdún yẹn, àwọn ẹrú rẹ̀ tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ gba òkè àjà wọlé sí i lóru, wọ́n sì pa á.

Ẹnìkan á ní, ṣé kò ṣìkà ni? Ó ṣìkà. Johnson náà kọ ọ́ pé lẹ́yìn tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀ ní 1860, ojú àwọn ẹrú rẹ̀ rí nǹkan. N kò fọ ìyẹn mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn balógun tó ń kó èèyàn lẹ́rú lójú ogun ńkọ́? Èwo nínú wọn là ń fi orúkọ rẹ̀ bú ọkùnrin?

N kò bá Ìṣọ̀lá jà o. Òǹkọ̀wé eré lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ìtàn padà, eré ló pè é. Ẹni tó wo eré tán tó wá ń fi ṣẹ̀rí ló lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá níbí ju ará ilé lọ. Ọmọ tó dàgbà n'Íbàdàn lè rí àgbàlagbà bi léèrè. Ọmọ tiwa tó ń sọ Haúsá níta, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, fíìmù ló ń kọ́ ọ ní ìtàn Yorùbá. Tí a kò bá là á yé e, ohun tó máa mọ̀ ni pé obìnrin tó bá lágbára nílẹ̀ wa, ìkà ni, ikú ẹ̀sín ló sì máa kú. Ṣé ohun tí a fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa gbé dàgbà nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo eré, kí wọ́n gbádùn ẹ̀. Tó bá parí, ẹ sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin ọkùnrin wa náà, obìnrin tó bá ní kí ẹ san gbèsè, ẹ yé pè é ní Efúnṣetán. Ẹ san owó rẹ̀.