Àgùàlà Kì Í Ṣe Ajá Òṣùpá

Àwọn àgbà wa ní: Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti wo ojú ọ̀run pẹ́. Ó ti rí i pé ohun tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá ní ọ̀nà tirẹ̀, àti pé ọjọ́ mìíràn wà tí àwọn méjèèjì kì í jọ rìn. Òótọ́ ló sọ. Àgùàlà ni àwọn òyìnbó ń pè ní Venus. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, ó ń yí oòrùn po bí ayé wa ṣe ń yí i po. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ìmọ̀ ìràwọ̀ kì í ṣe ti ọmọ Yorùbá, òwe yìí ni mo fi ń dá a lóhùn.

Mushin ni wọ́n bí mi sí, kò jìnnà sí ọjà Ládípọ̀ níbi tí bàbá mi ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Mo ti wà ní yunifásítì báyìí, físíìsì ni mò ń kọ́. Lálẹ́, bí iná bá wà, mo máa ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí àwọn ìràwọ̀ mìíràn po. Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi bi mí níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, “Ṣé ìràwọ̀ ni yóò bọ́ ọ?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. N kò fèsì, nítorí ọmọ tí a kọ́ kì í bá bàbá rẹ̀ jiyàn láàárín àwùjọ. Àròkọ yìí ni èsì mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Nínú ilé tí a ń gbé, yàrá mẹ́wàá ló dojú kọ ara wọn, mítà kan ṣoṣo ni a sì jọ ń lò. Bí ẹnìkan bá ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, gílóòbù yàrá wa á ṣú díẹ̀. N kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tí mo ti mọ̀ pé bí gílóòbù bá ṣú ní agogo mẹ́fà àárọ̀, ìyá tó ń gbé yàrá kẹfà ló ń lọ aṣọ ibi iṣẹ́ rẹ̀. N kò rí i, ògiri wà láàárín wa. Ìmọ́lẹ̀ ló sọ fún mi.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń rí ọ̀pọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá gba iwájú ìràwọ̀ rẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà á dín kù. Bó bá tún dín kù lẹ́yìn iye ọjọ́ kan náà, tó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, a ó fura pé nǹkan kan ń yí i po. Àgùàlà fúnra rẹ̀ gba iwájú oòrùn kọjá lójú ayé ní 2004 àti 2012. Kò tún ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ títí di 2117. Ṣùgbọ́n ìdínkù náà kéré púpọ̀. Bí ẹnìkan bá ń wo oòrùn wa láti ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ mìíràn, Júpítà, tó tóbi jù nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì wa, yóò dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá 1 nínú 100. Ti ayé wa kò tó ìdá 1 nínú 10,000.

Ibẹ̀ ni ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti wọlé. TESS, awò awọ̀nàjíjìn tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí òfurufú ní 2018, máa ń tẹjú mọ́ apá kan ojú ọ̀run fún nǹkan bí ọjọ́ 27 kó tó yí sí ibòmíràn. Kì í ya àwòrán pílánẹ́ẹ̀tì fún wa. Nọ́ńbà la ń rí gbà: bí ìràwọ̀ yìí ṣe mọ́lẹ̀ tó báyìí, bó ṣe mọ́lẹ̀ tó lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà fún ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ìdọ̀tí sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ayé àti ti òṣùpá a máa ta sínú awò náà. Ìràwọ̀ mìíràn ní àbàwọ́n lára, tó ń bá a yí. Nígbà mìíràn, ìràwọ̀ méjì ló ń yí ara wọn po, tí wọ́n ń bo ara wọn lójú, tí yóò sì dà bí ẹni pé pílánẹ́ẹ̀tì ló kọjá. Nílé wa náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí gílóòbù bá ṣú ni ìyá oníyàrá kẹfà ń lọ aṣọ. Nígbà mìíràn, tiransífọ́mà àdúgbò ló ń ṣàìsàn. Ètò tí mò ń kọ ló gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀.

Ó ti tàn mí jẹ rí. Mo rí ìdínkù kan tó ń wá déédéé ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Mo pariwo lóru, mo jí àbúrò mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń yọ̀. Nígbà tí mo wá wọn àwọn ìdínkù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé ọ̀kan ń jìn, èyí tó tẹ̀lé e kò jìn tó o, bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí. Ìràwọ̀ méjì ni, kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì. Mo pa á rẹ́ kúrò nínú ìwé mi, mo sì fi ìbéèrè yẹn kún ètò mi kó má baà tàn mí jẹ mọ́. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ wo ni ẹ fẹ́ kí ọmọ yín kọ́ tó ju kó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa irọ́ tó wù ú ya lọ?

Àwọn kan á ní: “A kò ní awò ńlá.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni àwọn nọ́ńbà TESS wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni Python tí mo fi ń kọ ètò, ọ̀fẹ́ ni Astropy àti Lightkurve tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn ń lò. Kọ̀ǹpútà àlòkù ni tèmi. Ní 2012, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń wo irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nínú ilé wọn ló kọ́kọ́ rí pílánẹ́ẹ̀tì kan tí ìràwọ̀ mẹ́rin wà ní sàkáání rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní: “Kì í ṣe iṣẹ́ tiwa.” Ṣé wọ́n ti gbọ́ nípa Samuel Okoye? Ní 1965, ọmọ Nàìjíríà yìí àti Antony Hewish kọ nípa ohun àràmàǹdà kan tí wọ́n rí nínú Crab Nebula, ó sì padà wá sí Nsukka láti dá ìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní 2019, nígbà tí àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé ní kí àwọn orílẹ̀-èdè sọ ìràwọ̀ àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórúkọ, Nàìjíríà sọ ìràwọ̀ HD 43197 ní Amadioha, ó sì sọ pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Equiano. A ti ṣe ìsọmọlórúkọ o. Ta ló ń tọ́ ọmọ náà?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oúnjẹ. N kò ní parọ́: iṣẹ́ yìí kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Yábàá tó ń gba ẹni tó mọ ètò kọ̀ǹpútà, ètò owó ni wọ́n fẹ́ kó kọ. Ẹni tó bá lè rí ìdá 1 nínú 10,000 lè rí ayédèrú nínú ìwé báńkì, ó sì lè rí àmì àìsàn nínú èsì àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ sá pamọ́ sẹ́yìn ìyẹn. Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tòkunbọ̀ nítorí pé àwọn ẹlòmíràn ló ṣe ọkọ̀. Ṣé ìmọ̀ náà la ó máa rà ní tòkunbọ̀ títí ayé?

Ibi tí mo ti rò pé ẹ̀bi wà rèé. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ, yàrá kọ̀ǹpútà wà, àgádágodo ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ ibẹ̀: ọjọ́ tí àlejò wá, àti ọjọ́ tí wọ́n ní kí a wá gbá a nítorí àlejò. Nínú kíláàsì, a ya àwòrán “mouse” sínú ìwé, a kùn ún. Mo gba 9 nínú 10 nítorí pé ìrù tèmi kò gùn tó.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà kan tí ọmọ mẹ́wàá ń jà sí sàn ju mẹ́wàá tí wọ́n fi aṣọ bò lọ. Ẹ fún àwọn ọmọ ní nọ́ńbà gidi: kí wọ́n kọ àkókò tí iná ń lọ àti àkókò tó ń dé sílẹ̀ fún oṣù kan, kí wọ́n sì kọ ètò tí yóò wá ohun tó ń tún ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ mi, nígbà tí iná bá lọ, ẹ jáde síta. Ẹ wo ìwọ̀ oòrùn ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wá Àgùàlà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wá a ní ìlà oòrùn ní ìdájí.

Bàbá mi, mo kí yín. Ẹ̀yin lẹ máa ń fi etí sí ẹ́ńjìnì láàárín ariwo Ládípọ̀, tí ẹ ó gbọ́ ìró kékeré kan tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ẹ ó sì sọ ẹ̀yà tó bàjẹ́ láìtú u. Iṣẹ́ yín gan-an ni mò ń ṣe, ẹ́ńjìnì tèmi ló jìnnà. Bóyá ìràwọ̀ yóò bọ́ mi, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọmọ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmọ̀ ńlá, ẹ má ṣe bí ajá rẹ̀ ni.